Ẹgbẹ́ Olórin Wa Ti Tú Ká: Báwo Ni Mo Ṣe Lè Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Dá Ṣe Tèmi?

Onígìtá Òṣogbo

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Èmi ni mo ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ olórin kan tí àwọn ará Òṣogbo, Iléṣà àti Ìbàdàn mọ̀ dáadáa ní òde àríyá, èmi náà ni mo sì kọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin tí a fi gbajúmọ̀. Ẹgbẹ́ náà ti tú ká báyìí. Kò sí ìjà àjàkú akátá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó, àti ọ̀rọ̀ orúkọ ta ni yóò ṣíwájú lára pátákó, ni ó ń gorí ara wọn títí tí kálukú fi gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Àwọn méjì nínú wa ṣì ń fi orúkọ ẹgbẹ́ gba òde.

Èmi fẹ́ máa dá ṣe tèmi, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ń dà mí láàmú. Ṣé mo lè máa kọ àwọn orin tí mo fúnra mi kọ nígbà tí a ṣì wà papọ̀, àbí kí n pa wọ́n tì pátápátá? Ṣé kí n kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun jọ ná, àbí kí n wọ sítúdíò ní èmi nìkan? Báwo ni ó sì ṣe máa ń pẹ́ tó kí ènìyàn tó mọ̀ pé ọ̀nà tí òun gbà yìí yóò já sí rere? Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ìtàn àwọn tí wọ́n ti rin ọ̀nà yìí rí là mí lóye. Ọ̀rọ̀ ìtùnú nìkan kọ́ ni mo ń wá.

Àgbà Olùgbọ́ Jùjú

Àbúrò mi, kú ìrọ́jú. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, àwọn tí wọ́n sì gbajúmọ̀ jù yín lọ ti tú ká lójú wa. Ìbéèrè rẹ tí ó kẹ́yìn ni èmi yóò kọ́kọ́ fọwọ́ bà, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti máa ń kánjú.

Wo ìtàn Shina Peters àti Segun Adewale. Inú ẹgbẹ́ Prince Adekunle, olórin jùjú, ni àwọn méjèèjì ti jáde, kí wọ́n tó jọ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní apá ìparí àwọn ọdún 1970, tí wọ́n sì so orúkọ wọn pọ̀ tí ó di Shina Adewale. Orin wọn dùn, ó tà, síbẹ̀ kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi pínyà. Segun Adewale ni ó mú orúkọ Superstars International dání. Ó pe jùjú tirẹ̀ ní Yo-Pop, ilé iṣẹ́ Stern's ní London sì gbé àwo rẹ̀ jáde ní àárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí àwọn òyìnbó ń wá orin ilẹ̀ Adúláwọ̀ kiri. Bí a bá bi ẹnikẹ́ni léèrè nígbà náà pé ta ni nínú àwọn méjèèjì ni ọwọ́ rẹ̀ ti tó òkè, Segun ni ọ̀pọ̀ ìbá dárúkọ.

Shina Peters kò jókòó tẹtẹrẹ. Ó ń ṣe àwo, ó ń lọ òde, ó ń wá ohùn tí yóò jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ọdún 1989 ni àwo rẹ̀ Ace ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, bí ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìpínyà wọn. Ìlù inú àwo náà yára ju jùjú tí a mọ̀ lọ, ó fi ìlù tí etí wa ti mọ̀ mọ́ fújì sí i, ó pè é ní Afro-Juju, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń wo jùjú bí orin àwọn bàbá wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó o ní ilé ìwé gíga àti ní òde. Kí o mọ èyí pẹ̀lú: Laolu Akins ni ó bá a ṣe àwo náà. Onílù ni Laolu fúnra rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ BLO, tí òun, Berkley Jones àti Mike Odumosu dá sílẹ̀ ní Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Nígbà tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ náà tú ká, iṣẹ́ ṣíṣe àwo fún àwọn ẹlòmíràn ni ó yàn láàyò. Nítorí náà ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ tú ká ni ó ran ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ tú ká lọ́wọ́.

Kò sí èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe àfarawé Shina Adewale. Ohun tí mo fẹ́ kí o mú dání nìyẹn. Kí o sì fún ara rẹ ní àyè ọdún mélòó kan. Má fi oṣù ka á.

Akẹ́kọ̀ọ́ Orin ní Peckham

Ẹ ṣeun, bàbá. Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ. Àpẹẹrẹ tèmi wá láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì níbí, ṣùgbọ́n Èkó gan-an ni apá tí ó wúlò jù nínú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ The Beatles tú ká ní 1970, ojú gbogbo ayé wà lára John Lennon àti Paul McCartney, nítorí pé àwọn ni wọ́n kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú orin wọn. George Harrison, onígìtá wọn, ni ó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Orin rẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà sínú àwo kọ̀ọ̀kan, àwọn kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti bí ọdún 1966 tí wọn kò ráyè fún. Kò dà wọ́n nù. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1970, ó gbé All Things Must Pass jáde, àwo mẹ́ta nínú páálí kan ṣoṣo, My Sweet Lord tí ó wà nínú rẹ̀ sì ni orin àkọ́kọ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ náà kan dá kọ tí ó dé ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n jọ ní orúkọ The Beatles. Òun ni ó ní àpò orin tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́. Ẹ̀gbọ́n Onígìtá, ìbéèrè tí èmi yóò bi yín ni pé orin mélòó ni ẹ ní nílẹ̀ tí ẹgbẹ́ yín kò kọ rí?

McCartney ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 1970, òun nìkan ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ta gbogbo ohun èlò inú rẹ̀, àwọn tí wọ́n ń ṣe lámèyítọ́ orin kò sì yìn ín púpọ̀. Ní 1971, ó dá ẹgbẹ́ Wings sílẹ̀ pẹ̀lú Linda ìyàwó rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1972, ó kó ẹgbẹ́ náà, àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ajá rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó ń lọ láti fásitì kan sí òmíràn láìpolongo ṣáájú, ó ń béèrè bóyá wọ́n ní gbọ̀ngàn tí òun lè lò. Ní Nottingham, owó táṣẹ́rẹ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ san láti wọlé. Ẹni tí ó ti kọrin ní pápá ìṣeré Shea ní New York níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni mò ń sọ yìí. Kò kọ orin The Beatles kankan ní gbogbo ìrìn-àjò náà, nítorí pé ó fẹ́ mọ bóyá ohun tuntun tí òun ní lè dá dúró.

Ọdún 1973 ni ó wá sí Èkó láti ṣe àwo Band on the Run. Onígìtá rẹ̀ kan, Henry McCullough, ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí ìrìn-àjò tó yá, nígbà tí ó sì ku díẹ̀ kí wọ́n wọ bàálù, Denny Seiwell onílù ní òun kò lọ mọ́. Ó ku òun, Linda àti Denny Laine onígìtá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dé sítúdíò EMI ní Wharf Road, Apápá, ní àkókò òjò, pẹ̀lú Geoff Emerick tí ó ń bójú tó ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀. Sítúdíò náà kò tíì parí tán bí wọ́n ti rò. McCartney fúnra rẹ̀ ni ó jókòó sídìí ìlù. Òun náà ni ó ta gìtá báàsì, òun àti Laine sì pín èyí tí ó kù ṣe. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, àwọn olè fi ọ̀bẹ dá wọn lọ́nà, wọ́n gba téèpù àti ìwé tí ó kọ ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ sí, ó sì ní láti rántí àwọn orin náà láti orí. Fela tún fẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin ilẹ̀ Adúláwọ̀ gbé. Ó pe Fela wá sí sítúdíò, ó fi ohun tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ hàn án, kí ọ̀rọ̀ tó rọlẹ̀. Wọ́n tún lọ sí sítúdíò Ginger Baker, onílù ará Gẹ̀ẹ́sì, ní Ìkẹjà, níbi tí Baker ti ń mi agolo tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí fún wọn nínú orin kan.

Àwo náà jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1973, òun sì ni ó dá ọ̀wọ̀ rẹ̀ padà pátápátá. Ìdí tí mo fi sọ gbogbo rẹ̀ ni pé ó dáhùn ìbéèrè yín kejì. Bí ẹ bá ní ẹni méjì tí wọn kò ní fi yín sílẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹgbẹ́ yóò pé.

Onílù Mushin

Ẹ jọ̀wọ́, kí n bọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n Onígìtá kò tíì sọ fún wa bóyá àwọn ni wọ́n ń lé orin, àbí ẹlòmíràn ni ó ń lé e tí àwọn ń ta gìtá sí i. Ìyàtọ̀ ńlá wà níbẹ̀, nítorí pé ohùn tí àwọn èrò mọ̀ ni wọn yóò máa tẹ̀ lé, ìyẹn ni ó fi jẹ́ pé àwa tí a máa ń wà lẹ́yìn ni ìtúká ẹgbẹ́ máa ń dùn jù.

Tony Allen ni àpẹẹrẹ tèmi. Láti 1964 ni ó ti ń lu ìlù fún Fela, láti ìgbà tí ẹgbẹ́ Fela ṣì ń jẹ́ Koola Lobitos, títí wọ́n fi lọ sí àjọ̀dún orin jáàsì ní Berlin ní 1978, lẹ́yìn èyí tí òun àti àwọn mìíràn fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ owó. Ṣùgbọ́n kí ó tó kúrò, ó ti gbé àwo jáde ní orúkọ ara rẹ̀. Jealousy jáde ní 1975, Progress tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ Fela náà ni ó sì bá a ṣe wọ́n. Nígbà tí ó wá kúrò, àwọn tí wọ́n ń ra àwo ti mọ̀ ọ́n lórúkọ, kì í ṣe pé ojú nìkan ni wọ́n mọ̀.

Síbẹ̀ kò rọrùn fún un. Ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó lọ sí London ní àárín àwọn ọdún 1980, ó ṣe àwo kan níbẹ̀ tí ó pè ní N.E.P.A., ó sì wá fìdí kalẹ̀ sí Paris. Ó ń bá àwọn ẹlòmíràn ṣeré, ó ń jẹ́ kí àwọn ọmọ tí ó lè bí lọ́mọ wá kọrin lórí ìlù rẹ̀. Ní 2000, ẹgbẹ́ Blur ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dárúkọ rẹ̀ nínú orin wọn, láti ibẹ̀ ni òun àti Damon Albarn ti mọ ara wọn, tí wọ́n sì jọ ṣe àwo The Good, the Bad & the Queen ní 2007. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Ilé iṣẹ́ Blue Note, tí gbogbo olórin jáàsì ń wá, ni ó gbé The Source jáde fún un ní 2017. Títí tí ó fi kú ní Paris ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2020, iṣẹ́ kò tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó mú kúrò nínú ẹgbẹ́ Fela ni bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń lu ìlù, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ni ó sì ń tà káàkiri ayé.

Ringo Starr, onílù The Beatles, kò pariwo pé òun jẹ́ akọrin ńlá. Ní 1973, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n jọ wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n bá a lọ́wọ́ sí àwo rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Ringo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú wọn kò rí ara wọn sójú nígbà náà. Ìyẹn nìkan yẹ kí ó kọ́ wa ní bí a ṣe ń bá ènìyàn gbé. Láti 1989 ni ó ti ń kó àwọn olórin tí wọ́n lórúkọ jọ sí All-Starr Band. Òun yóò kọ díẹ̀ nínú orin tirẹ̀, kálukú àwọn yòókù yóò kọ orin tí ó fi gbajúmọ̀, inú èrò yóò sì dùn.

Aláàtò Òde Ìbàdàn

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ni mo máa ń bá àwọn onínàáwó wá olórin, nítorí náà ojú ọjà ni èmi yóò ti sọ tèmi.

Onínàáwó tí ó bá pè yín lẹ́yìn ìtúká ẹgbẹ́, orin àtijọ́ ni ó ní lọ́kàn. Ẹ ó wà lórí ìjókòó, ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú orin tuntun, ìyá ìyàwó yóò sì rán ọmọ kan sí yín pẹ̀lú ìwé pélébé tí ó kọ orúkọ orin tí gbogbo ìlú mọ̀ sí, owó yóò sì wà nínú ìwé náà. Ẹ má ṣe yájú sí i. Ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́, ẹ kọ ẹsẹ kan tàbí méjì, kí ẹ sì fi ọgbọ́n rọra gbé e wọ inú orin tuntun yín kí ìlù má ṣe já. Mo mọ̀ pé McCartney kò kọ orin àtijọ́ rẹ̀ ní 1972, ṣùgbọ́n òde ìnáwó kì í ṣe gbọ̀ngàn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ó san owó ni ó ni alẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun kan wà tí n kò ní fi bò. Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ tí mo rí tí wọ́n tú ká, owó tí wọ́n ná fún wọn lórí ìjókòó ni ó tú wọn ká, kì í ṣe owó àdéhùn. Owó àdéhùn, gbogbo yín ni ẹ mọ iye rẹ̀. Èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú orí olórí ẹgbẹ́ ni ó máa ń pòórá. Nínú ẹgbẹ́ tuntun yín, kí ẹ tó kúrò nílé ni kí ẹ ti sọ bí ẹ ó ṣe pín in. Kí ẹni kan máa ṣà á sínú àpò kan, kí ẹ sì kà á lójú gbogbo ènìyàn kí ẹ tó wọ ọkọ̀ padà sílé. Bí ó ti wù kí alẹ́ lẹ́ tó, ẹ kà á.

Ẹ má sì sọ̀rọ̀ àwọn tí ẹ jọ wà tẹ́lẹ̀ láìdáa lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Oníbàárà tí ó bá gbọ́ ọ kò ní pe èyíkéyìí nínú yín mọ́.

Ọmọ Àkúrẹ́

Ẹ jẹ́ kí n yapa díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ màmá wa Aláàtò Òde. Mo gbà pé òde yàtọ̀ sí sítúdíò, ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n bá ń fi orin àtijọ́ dáhùn gbogbo ìpè, wọn yóò di ẹni tí ń ṣe àfarawé ara wọn. Nígbà tí 2face kúrò nínú ẹgbẹ́ olórin Plantashun Boiz, Face 2 Face ni ó gbé jáde ní 2004, African Queen tí ó wà nínú rẹ̀ sì gbé e kọjá ibi tí ẹgbẹ́ náà dé. Faze tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ náà gbé Faze Alone jáde ní ọdún kan náà. Orin tuntun ni àwọn méjèèjì fi wọ ọjà.

Bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n má ṣe fi ọkàn sí i pé ẹgbẹ́ yóò tún padà ṣọ̀kan. Ẹgbẹ́ P-Square pínyà ní 2017, Paul di Rudeboy, Peter di Mr P, wọ́n parí ìjà ní 2021, inú gbogbo wa dùn, síbẹ̀ ní 2024 wọ́n tún ti pínyà. Ìbejì ni wọ́n. Bí ìpadàbọ̀ bá dé, kí ó bá ẹ̀gbọ́n lórí iṣẹ́ tiwọn.

Agbẹjọ́rò fún Olórin

Ọ̀rọ̀ African Queen tí Ọmọ Àkúrẹ́ mú wá yìí ni ó mú mi dá sí i, nítorí pé lẹ́yìn tí orin náà ti gbilẹ̀, Blackface tí wọ́n jọ wà nínú Plantashun Boiz sọ ní gbangba pé òun lọ́wọ́ nínú kíkọ ọ́, àríyànjiyàn láàárín àwọn méjèèjì sì gba ọ̀pọ̀ ọdún, ó dé ilé ẹjọ́ kí wọ́n tó yanjú rẹ̀. N kò ní sọ ẹni tí ó jàre. Ohun tí ó kan ẹ̀gbọ́n Onígìtá ni pé orin tí ènìyàn méjì jọ kọ nínú yàrá kan, bí kò bá sí ìwé, ìrántí ni yóò máa ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀, ìrántí ẹni méjì kì í sì í dọ́gba.

Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe àtúnṣe rẹ̀ sí Copyright Act 2022, nǹkan méjì ni orin tí a gbọ́ lórí àwo. Ọ̀rọ̀ àti ohùn orin jẹ́ ọ̀kan. Ìgbohùnsílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ èkejì. Ẹni tí ó kọ orin ni ó ni ti àkọ́kọ́, àyàfi bí ó bá ti fọwọ́ sí ìwé tí ó fi gbé e fún ẹlòmíràn. Ìgbohùnsílẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti ẹni tí ó náwó sí i tí ó sì ṣètò rẹ̀, ìbáà jẹ́ olórí ẹgbẹ́ tàbí ilé iṣẹ́. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni ẹ kọ orin náà, tí ẹ kò sì fọwọ́ sí ìwé kankan, ẹ lè tún un gbà sílẹ̀ ní ohùn tuntun. Ẹ má ṣe gbé àwo àtijọ́ náà gan-an sórí ayélujára ní orúkọ yín.

Ẹ yẹ ìwé tí ẹ ti fọwọ́ sí wò dáadáa, nítorí pé McCartney fúnra rẹ̀ pàdánù àṣẹ lórí orin tí ó kọ nígbà The Beatles. Òun àti Lennon ti pàdánù àṣẹ lórí Northern Songs, ilé iṣẹ́ tí ó ni àwọn orin wọn, láti 1969, nígbà tí ilé iṣẹ́ ATV tí ó rà á sì tún fẹ́ tà á ní 1985, Michael Jackson ni ó san mílíọ̀nù 47.5 dọ́là fún un. Títú ẹgbẹ́ ká pẹ̀lú ìwé kò rọrùn fún wọn rárá. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní 1967 so owó wọn pọ̀ débi pé owó àwo tí kálukú dá ṣe ṣì ń wọ inú àpò kan náà. McCartney pe ẹjọ́ ní London ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1970 láti tú àdéhùn náà ká, ọdún 1975 ni ó sì tó parí lábẹ́ òfin.

Ohun kan kù. Ní 1976, ilé ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà dá George Harrison lẹ́bi pé My Sweet Lord jọ orin He's So Fine ti ẹgbẹ́ The Chiffons, bí adájọ́ tilẹ̀ gbà pé kò mọ̀ọ́mọ̀ jí i. Ẹni tí ó ń dá ṣe kò ní ẹlẹgbẹ́ tí yóò sọ fún un pé, "Ó dà bíi pé mo ti gbọ́ orin yìí níbì kan." Ẹ wá ẹni méjì tí etí wọn já fáfá, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ orin tuntun yín kí ó tó jáde.

Onígìtá Òṣogbo

Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Láti dáhùn ìbéèrè Onílù Mushin, èmi kọ́ ni mo ń lé orin; elégbè ni mí, mo sì máa ń lé ẹsẹ kan tàbí méjì nínú orin tí ó bá jẹ́ tèmi. Mo ti yẹ ìwé ìkọrinsí mi wò. Orin tí ẹgbẹ́ wa kò kọ rí wà níbẹ̀ ju bí mo ti rò lọ, àwọn kan sì ti pé lọ́rọ̀ àti lóhùn. Oníkíbọ́ọ̀dù wa àtijọ́ àti ọmọkùnrin kan tí ń lu gángan ti ní àwọn yóò bá mi lọ.

Ohun tí ó kù tí ó ń wúwo lọ́kàn mi ni pé nínú àwọn orin tí a fi gbajúmọ̀, méjì wà tí èmi àti ẹni tí ń lé orin wa jọ kọ. Èmi mú ohùn wá, òun fi ọ̀rọ̀ sí i. A kò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí ẹgbẹ́ ti tú ká. Ṣé kí n fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ fún un kí àlàáfíà lè wà?

Àgbà Olùgbọ́ Jùjú

Má fi sílẹ̀, má sì jà sí i. Wá ẹni tí ẹ jọ ń bọ̀wọ̀ fún, kí ó bá ọ pè é, kí ẹ sì jọ jókòó. Bí o bá dé ibẹ̀, orin méjì yẹn nìkan ni kí o sọ; má dá ọ̀rọ̀ orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ní ti pé o kì í lé orin, wá ọmọ tí ó ní ohùn kí o sì kọ orin fún un, tàbí kí o jẹ́ kí gìtá rẹ máa lé e. Àwọn onígìtá jùjú ti ń fi okùn gìtá sọ̀rọ̀ fún wa láti ọjọ́ pípẹ́.

Agbẹjọ́rò fún Olórin

Bàbá ti sọ ọ́ bí ó ti yẹ. Bí ẹ bá ti jókòó tán, ìwé kan ṣoṣo tó fún orin méjèèjì. Ẹ kọ àkọlé orin, ẹni tí ó mú ohùn wá, ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀, àti ìdá tí yóò jẹ́ ti kálukú nínú owó tí ó bá ti ara orin náà wọlé. Bí ẹ bá gbà pé ìdajì-ìdajì ni, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé kálukú yín ní àṣẹ láti kọ ọ́ ní òde àti láti gbà á sílẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí orúkọ àwọn méjèèjì bá wà lára rẹ̀. Kí ẹ buwọ́ lù ú, kí ẹni tí ó pè yín jọ náà buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, kí ọjọ́ sì wà lórí rẹ̀. Kí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹni méjèèjì. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi orúkọ sílẹ̀ ní MCSN, ẹgbẹ́ tí ń gba owó ẹ̀tọ́ fún àwọn olórin, kí ẹ fi ìdá kan náà tí ó wà nínú ìwé kún fọ́ọ̀mù yín. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó wọ sítúdíò.